Ìgbéyàwó ní orílẹ̀-èdè mìíràn: ìwé wo ni a gbọ́dọ̀ kó jọ, ibo ni a ó sì ti bẹ̀rẹ̀?

Adéwálé béèrè pé:

Mo kí gbogbo yín, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ni mo gbé wá, mo sì ń bẹ àwọn tó mọ̀ nípa òfin rẹ̀ pé kí wọ́n là mí lọ́yẹ. Ilẹ̀ Jámánì ni èmi àti àfẹ́sọ́nà mi ń gbé, àwa méjèèjì sì ní ìwé ìgbélùú, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ ilẹ̀ Jámánì nínú wa, bẹ́ẹ̀ ni orílẹ̀-èdè tí mo ti wá yàtọ̀ sí tirẹ̀. Àfẹ́sọ́nà mi ti ní ọkọ tẹ́lẹ̀ rí. Ilé ẹjọ́ orílẹ̀-èdè rẹ̀ ti tú ìgbéyàwó náà ká, kò sì tíì pé oṣù mẹ́jọ tí ìdájọ́ náà jáde. Èmi kò gbéyàwó rí.

Nígbà tí a lọ sí ọ́fíìsì ìgbéyàwó ìlú tí a ń gbé, wọ́n ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa lọ gba ìwé-ẹ̀rí láti orílẹ̀-èdè rẹ̀ pé kò sí ohun tó dí i lọ́wọ́ láti gbéyàwó. Orílẹ̀-èdè tèmi kì í ṣe irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyí tí a fi ń rò ó pé kí a lọ ṣe é ní Ítálì, tó wu àfẹ́sọ́nà mi gan-an, tàbí ní Dẹ́ńmáàkì, tí gbogbo ènìyàn ń sọ pé ó rọrùn. Ìwé wo ni a gbọ́dọ̀ kó jọ? Ṣé ìgbéyàwó tí a bá ṣe níbẹ̀ yóò fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Jámánì àti ní ìlú àwa méjèèjì? Ẹnìkan tilẹ̀ sọ fún wa pé a lè ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti inú yàrá wa; ẹlòmíràn ní kí a kàn lọ sí ilé-iṣẹ́ aṣojú ìjọba mi. Ìmọ̀ràn ti pọ̀ débi pé a kò mọ èyí tí a ó gbà.

Agbẹjọ́rò Fólúkẹ́ dáhùn pé:

Ẹ kú ìmúra, ọ̀gbẹ́ni Adéwálé. Iṣẹ́ òfin ìdílé ni mo ń ṣe, ohun tí mo sì máa ń kọ́kọ́ bi àwọn tó bá gbé irú ọ̀rọ̀ yìí wá ni pé níbo ni wọn yóò ti máa lo ìwé-ẹ̀rí ìgbéyàwó náà lẹ́yìn tí ayẹyẹ bá ti parí. Ayẹyẹ kò ju ọjọ́ kan lọ, ṣùgbọ́n ìwé náà yóò dé iwájú ọ́fíìsì owó orí, ilé ìwòsàn, ọ́fíìsì àwọn àjèjì àti, bó pẹ́ bó yá, iwájú àwọn tó ń pín ogún. Jámánì àti ìlú ẹ̀yin méjèèjì ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí, kí ẹ tó dé orí Ítálì tàbí Dẹ́ńmáàkì.

Ohun méjì ni òfin ń wò nínú ìgbéyàwó tó bá kọjá ààlà orílẹ̀-èdè kan. Ọ̀kan ni ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é: ta ló so yín pọ̀, ṣé ẹlẹ́rìí wà níbẹ̀, ṣé wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìjọba. Òfin ibi tí ìgbéyàwó ti wáyé ló ń ṣàkóso èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ ní gbogbo ayé. Èkejì ni bóyá ẹnì kọ̀ọ̀kan yín lẹ́tọ̀ọ́ láti wọ inú ìgbéyàwó rárá: ọjọ́ orí rẹ̀, ìyọ̀ǹda ọkàn rẹ̀, bóyá ẹ bá ara yín tan, àti bóyá kò ní ọkọ tàbí aya níbòmíràn. Ní Jámánì, òfin orílẹ̀-èdè tí ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọmọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń wọn èyí, nígbà tí ó jẹ́ pé ní àwọn ilẹ̀ tó tẹ̀lé ìlànà òfin Gẹ̀ẹ́sì, ibi tí ẹni náà fi ṣe ibùgbé rẹ̀ títí lọ ni wọ́n máa ń wò. Ìdí nìyẹn tí ọ́fíìsì fi ń béèrè ìwé láti ìlú yín. Akọ̀wé ìgbéyàwó kan kò lè mọ òfin gbogbo orílẹ̀-èdè lórí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì gbé ọkàn kúrò ní Jámánì. Ẹ̀ka 1309 nínú ìwé òfin ará ìlú Jámánì, èyí tó béèrè ìwé-ẹ̀rí náà, fúnra rẹ̀ ti pèsè ọ̀nà àbáyọ fún àwọn tí orílẹ̀-èdè wọn kì í ṣe é: olórí ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Oberlandesgericht, lè yọ̀ǹda yín kúrò nínú rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti yẹ ìwé yín wò. Ọwọ́ ọ́fíìsì ìgbéyàwó ìlú yín ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè náà. Oṣù 6 péré ni ìyọ̀ǹda yìí ń ṣiṣẹ́, bí ìwé-ẹ̀rí fúnra rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ fún oṣù 6, nítorí náà kí ẹ ti mọ ìgbà tí ẹ fẹ́ ṣe ìgbéyàwó kí ẹ tó béèrè fún un. Ó dùn mí pé a máa ń sọ fún àwọn ènìyàn pé ìwé kan pọn dandan láìsọ fún wọn pé òfin kan náà ti ronú nípa ẹni tí kò lè rí i gbà.

Ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀ àfẹ́sọ́nà yín ni ó jẹ mí lógún jù. Ìdájọ́ ìkọ̀sílẹ̀ láti ilẹ̀ òkèèrè kì í fi ara rẹ̀ wọ Jámánì ní gbogbo ìgbà. Ẹ̀ka 107 nínú òfin ìgbẹ́jọ́ ìdílé, FamFG, sọ pé àwọn aláṣẹ ìdájọ́ ìpínlẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ilé ẹjọ́ ló tú ìgbéyàwó náà ká, tí àfẹ́sọ́nà yín àti ọkọ rẹ̀ àtijọ́ sì jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè tí ilé ẹjọ́ náà wà nígbà tí ìdájọ́ jáde, a kò béèrè ìfọwọ́sí yẹn. Ìdájọ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ẹgbẹ́ Ìṣọ̀kan Yúróòpù pẹ̀lú ní ìlànà tirẹ̀ tó rọrùn ju èyí lọ, yàtọ̀ sí ti Dẹ́ńmáàkì. Ẹ sọ fún wa, ọmọ ibo ni ọkọ àtijọ́ náà?

Ìgbéyàwó orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n sọ fún yín yẹn, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ti Utah ní Amẹ́ríkà. Ẹ má ṣe é bí ẹ bá jókòó sí Jámánì. Lóòótọ́, ní ọdún 2023, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Ísírẹ́lì pàṣẹ pé kí ìjọba máa forúkọ irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ilé ẹjọ́ àpapọ̀ Jámánì tó ga jù fún ẹjọ́ ará ìlú, Bundesgerichtshof, gbé ọ̀rọ̀ àwọn méjì kan yẹ̀ wò tí wọ́n wà ní Jámánì nígbà tí wọ́n sọ "bẹ́ẹ̀ ni" fún akọ̀wé kan ní Utah lórí fídíò, ó sì dájọ́ pé òfo ni ìgbéyàwó náà. Ìdí rẹ̀ ni pé ibi tí ẹnu yín ti sọ ìyọ̀ǹda yẹn jáde ni ilé ẹjọ́ náà kà sí ibi ìgbéyàwó, nítorí náà ìlànà Jámánì ni ó yẹ kí ẹ tẹ̀lé, ó sì di dandan kí akọ̀wé ìgbéyàwó wà níwájú yín.

Ní ti ilé-iṣẹ́ aṣojú ìjọba, Àdéhùn Vienna ti ọdún 1963 lórí iṣẹ́ kọ́ńsúlétì gbà pé aṣojú lè ṣe iṣẹ́ akọ̀wé ìgbéyàwó, bí òfin ilẹ̀ tó gbà á lálejò kò bá lòdì sí i. Jámánì gbà á láyè nígbà tí àwọn méjèèjì kì í bá ṣe ọmọ ilẹ̀ Jámánì, tí ìjọba orílẹ̀-èdè ọ̀kan nínú wọn sì ti fún ẹni tó so wọ́n pọ̀ ní àṣẹ fún iṣẹ́ náà gan-an. Nítorí náà ìmọ̀ràn yẹn kì í ṣe asán, ṣùgbọ́n ẹ gba ìdáhùn lákọsílẹ̀ pé aṣojú tí ẹ fẹ́ lọ bá ní àṣẹ yẹn, kí ẹ sì bi orílẹ̀-èdè àfẹ́sọ́nà yín bóyá yóò gba irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀.

Ìyábọ̀ dáhùn pé:

Dẹ́ńmáàkì ni èmi àti ọkọ mi ti ṣe tiwa, nítorí náà mo lè sọ bí ó ṣe ń lọ. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2019, kì í ṣe ìlú tí ẹ ti fẹ́ gbéyàwó ni yóò yẹ ìwé yín wò mọ́. Ọ́fíìsì kan ṣoṣo fún gbogbo orílẹ̀-èdè náà ló ń ṣe é, orúkọ rẹ̀ ni Familieretshuset. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹ ó ti kọ ìbéèrè yín, ẹ ó fi àwòrán pasipọ́ọ̀tù, ìwé ìgbélùú àti ìdájọ́ ìkọ̀sílẹ̀ ránṣẹ́, wọn yóò sì béèrè ẹ̀rí pé ẹ mọ ara yín lóòótọ́ àti pé kì í ṣe nítorí ìwé ìgbélùú nìkan ni ẹ fi fẹ́ gbéyàwó. Ìwé tí kò bá sí ní èdè Dáníìṣì, Gẹ̀ẹ́sì tàbí Jámánì, ẹ ó túmọ̀ rẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọn yóò fún yín ní ìwé-ẹ̀rí tó ń lo oṣù 4, òun ni ẹ ó gbé lọ sí ìlú tí ẹ bá yàn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ti Jámánì lọ máa ń yan Tønder, nítorí ó súnmọ́ ààlà, tàbí erékùṣù Ærø.

Kókó tí kò yé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ìdí tí ibẹ̀ fi rọrùn. Òfin Dẹ́ńmáàkì nìkan ni wọ́n fi ń wọn ẹ̀tọ́ yín láti gbéyàwó. Wọn kò béèrè ìwé-ẹ̀rí láti orílẹ̀-èdè yín pé kò sí ìdíwọ́. Ṣùgbọ́n wọn kò fi ìwé ṣeré o. Wọn yóò wò ó fínnífínní bóyá ìdájọ́ ìkọ̀sílẹ̀ náà ti dé òpin, tí kò sí ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn mọ́, ẹ ó sì mú ojúlówó ìwé gbogbo lọ́wọ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ ìlú kí wọ́n tó so yín pọ̀. Ẹ tún gbọ́dọ̀ wà ní Dẹ́ńmáàkì lọ́nà tó bófin mu ní ọjọ́ náà. Ìwé ìgbélùú Jámánì tó ṣì ń ṣiṣẹ́, pẹ̀lú pasipọ́ọ̀tù, tó fún èyí.

Èdè márùn-ún ni ìwé-ẹ̀rí ìgbéyàwó tí wọ́n ń fún ènìyàn wà: Dáníìṣì, Gẹ̀ẹ́sì, Jámánì, Faransé àti Spéènì. Ìrọ̀rùn ńlá ni èyí jẹ́ fún wa, nítorí ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì kò béèrè ìtumọ̀ mọ́.

Bàbá Ìbejì dáhùn pé:

Ọmọ mi, Adéwálé, Ítálì ni mo ń gbé, inú mi ìbá sì dùn láti rí yín níhìn-ín, ṣùgbọ́n òótọ́ ni mo gbọ́dọ̀ sọ fún ọ. Òfin kan wà níbí, ẹ̀ka 89 nínú ìwé òfin ará ìlú, tó ní obìnrin tí ìgbéyàwó rẹ̀ ti tú ká kò gbọdọ̀ fẹ́ ọkọ mìíràn títí ọjọ́ 300 yóò fi pé, kí àríyànjiyàn má baà wà lórí ẹni tó ni oyún. Ó de àwọn obìnrin àjèjì pẹ̀lú. Oṣù mẹ́jọ tí o sọ yẹn kò tíì tó o. Ilé ẹjọ́ lè yọ̀ǹda rẹ̀ bí ẹ̀rí bá wà pé kò lóyún, àwọn irú ìkọ̀sílẹ̀ kan sì wà tí òfin náà kò kàn, ṣùgbọ́n èyíkéyìí tí ó bá jẹ́, ẹ ó nílò lọ́yà àti àsìkò.

Ohun kejì ni nulla osta. Ẹ̀ka 116 nínú ìwé òfin kan náà sọ pé àjèjì tó bá fẹ́ gbéyàwó ní Ítálì gbọ́dọ̀ mú ìwé wá láti ọ̀dọ̀ aláṣẹ orílẹ̀-èdè rẹ̀ pé kò sí ìdíwọ́. Ìṣòro tí o ń sá fún ní Jámánì, òun náà ló dúró dè ọ́ níbí. Ó dára kí o béèrè lọ́wọ́ kọ́ńsúlétì orílẹ̀-èdè rẹ tó wà ní Ítálì, nítorí nígbà mìíràn kọ́ńsúlétì máa ń ṣe ìwé tí ọ́fíìsì ilé kì í ṣe. Àwọn ará Amẹ́ríkà, fún àpẹẹrẹ, ti ní ètò tiwọn: ìjọba wọn kì í ṣe nulla osta, nítorí náà wọ́n ń búra ní kọ́ńsúlétì, wọ́n sì ń fi ẹlẹ́rìí ṣe ìwé mìíràn tí wọ́n ń pè ní atto notorio.

Bí ó bá jẹ́ ẹwà ibí ló wu ìyàwó wa, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ ṣe ìgbéyàwó òfin ní ibi tí ìwé yín ti lè kọjá, kí ẹ wá ṣe ayẹyẹ níbí níwájú ẹbí àti ọ̀rẹ́. Kò sí òfin tó dí yín lọ́wọ́ láti jẹ, láti mu àti láti jó.

Ògbufọ̀ Àkànní dáhùn pé:

Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un nípa ìwé fúnra rẹ̀, nítorí iṣẹ́ mi ni láti máa túmọ̀ ìwé fún ilé ẹjọ́, ibẹ̀ sì ni mo ti ń rí ibi tí nǹkan ti ń dojú rú fún àwọn tọkọtaya.

Ìwé ìjọba kan kì í di ohun tí ìjọba mìíràn gbà láìjẹ́ pé ẹnìkan jẹ́rìí sí i. Láti ìgbà Àdéhùn Hague ti ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá ọdún 1961, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú rẹ̀, tí wọ́n lé ní 120 báyìí, ń lo ìwé-ẹ̀rí kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní apostille. China wọlé ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, Kánádà sì wọlé ní oṣù Kìíní ọdún 2024, nítorí náà ẹ má fi ohun tí ẹnìkan sọ ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn ṣe ìpinnu. Orílẹ̀-èdè tí ìwé ti jáde ló ń fi apostille sí i. Jámánì kò lè fi tirẹ̀ sí ìwé tí ìlú mìíràn ṣe. Bí orílẹ̀-èdè yín kò bá sí nínú àdéhùn náà, tàbí tí orílẹ̀-èdè tó ń gba ìwé bá ti tako ìwọlé rẹ̀, ọ̀nà àtijọ́ ni ẹ ó gbà: ilé-iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè yóò fọwọ́ sí i, ilé-iṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè tí ẹ fẹ́ gbé e lọ yóò sì fọwọ́ sí i lẹ́yìn rẹ̀. Èyí lè gba oṣù púpọ̀.

Ohun méjì ló wà nínú àdéhùn yẹn tí àwọn ènìyàn kì í kà. Èkíní, apostille ń jẹ́rìí sí ọwọ́ ẹni tó bu ọwọ́ lùwé, ipò rẹ̀ àti òǹtẹ̀ rẹ̀ nìkan. Kò jẹ́rìí pé ohun tí a kọ sínú ìwé jẹ́ òtítọ́, nítorí náà ọ́fíìsì ṣì lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ẹ̀rí mìíràn. Èkejì, kò kan ìwé tí kọ́ńsúlétì bá ṣe. Nulla osta tí Bàbá Ìbejì mẹ́nu kàn, bí kọ́ńsúlétì kan ní Ítálì bá ṣe é, Prefettura, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ ní agbègbè kọ̀ọ̀kan ní Ítálì níbẹ̀, ni yóò fọwọ́ sí i, àyàfi bí àdéhùn mìíràn bá yọ orílẹ̀-èdè náà kúrò. Mo ti rí àwọn tó ń wá apostille kiri fún irú ìwé yìí fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì lè fún wọn.

Ẹ jẹ́ kí apostille wà lára ìwé kí ẹ tó gbé e fún ògbufọ̀, kí òun náà lè túmọ̀ òǹtẹ̀ pẹ̀lú ìwé. Ní Jámánì, ìtumọ̀ ògbufọ̀ tó ti búra níwájú ilé ẹjọ́ ni wọ́n sábà ń gbà. Kí ẹ sì fi ìwé yín gbogbo síwájú lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ yẹ orúkọ wò lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn. Bí orúkọ ìyàwó yín bá jẹ́ ti ọkọ àtijọ́ nínú pasipọ́ọ̀tù, tí ó sì jẹ́ ti bàbá rẹ̀ nínú ìwé-ẹ̀rí ọjọ́ ìbí, ìdájọ́ ìkọ̀sílẹ̀ àti ìwé-ẹ̀rí ìgbéyàwó àtijọ́ ni yóò so orúkọ méjèèjì pọ̀. Ẹ mú wọn dání, ẹ má dúró títí wọn yóò fi béèrè.

Adéwálé dáhùn pé:

Mo dúpẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ gbogbo yín, pàápàá Bàbá Ìbejì. A kò gbọ́ ohunkóhun rí nípa ọjọ́ 300 yẹn, a ò bá sì ti san owó ibi ayẹyẹ. Ọmọ orílẹ̀-èdè kan náà ni àfẹ́sọ́nà mi àti ọkọ rẹ̀ àtijọ́, ilé ẹjọ́ ibẹ̀ ló sì tú wọn ká. A ti gbà láti kọ́kọ́ béèrè ìyọ̀ǹda ilé ẹjọ́ gíga ní Jámánì. Bí ó bá pẹ́ jù, Dẹ́ńmáàkì ni a ó lọ. Ìbéèrè mi tó kù nìyí: bí a bá ṣe é ní Dẹ́ńmáàkì, ṣé òfin Dẹ́ńmáàkì ni yóò máa darí dúkìá wa? Níbo ni a ó sì gbé ìwé náà lọ nígbà tí a bá padà dé? Pásítọ̀ ìjọ wa tún fẹ́ súre fún wa kí a tó lọ.

Agbẹjọ́rò Fólúkẹ́ dáhùn pé:

Ó dára bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè kan náà ni wọ́n, ọ̀rọ̀ ẹ̀ka 107 kò ní dí yín lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ gba ẹ̀rí ilé ẹjọ́ náà pé ìdájọ́ ti dé òpin àti ẹ̀rí pé ọmọ orílẹ̀-èdè yẹn ni àwọn méjèèjì nígbà náà.

Ibi tí a ti so yín pọ̀ kọ́ ló ń pinnu òfin dúkìá. Láti ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2019, Jámánì àti àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù mìíràn tó fọwọ́ sí òfin 2016/1103, òfin Ẹgbẹ́ Ìṣọ̀kan Yúróòpù lórí dúkìá tọkọtaya, ń wo ibi tí tọkọtaya kọ́kọ́ jọ fi ṣe ibùgbé lẹ́yìn ìgbéyàwó. Bí ẹ bá padà sí Jámánì, òfin Jámánì ni, àyàfi bí ẹ bá yan ti orílẹ̀-èdè ọ̀kan nínú yín nínú àdéhùn tí a kọ sílẹ̀, èyí tí ní Jámánì yóò wáyé níwájú nótárì. Bí ẹnìkan nínú yín bá ní ilé tàbí ilẹ̀ ní ìlú rẹ̀, ó yẹ kí ẹ bá agbẹjọ́rò ibẹ̀ náà sọ̀rọ̀, nítorí òfin Yúróòpù kò de ilé ẹjọ́ wọn.

Àdúrà pásítọ̀ kò ní ìpalára ní Jámánì, ṣùgbọ́n kò sọ yín di tọkọtaya lójú òfin, nítorí náà ẹ má kọ ọ́ sínú ìwé kankan pé ẹ ti gbéyàwó. Ní Faransé, òfin le jù bẹ́ẹ̀ lọ: òjíṣẹ́ ẹ̀sìn tó bá sọ ọ́ di àṣà láti máa so ènìyàn pọ̀ kí ìgbéyàwó ìjọba tó wáyé lè jẹ̀bi ẹ̀ṣẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá dé, ọ́fíìsì tó ń kọ orúkọ olùgbé ìlú ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé ìwé-ẹ̀rí náà lọ, lẹ́yìn náà ọ́fíìsì àwọn àjèjì. Nítorí òfin 2016/1191, òfin Ẹgbẹ́ Ìṣọ̀kan Yúróòpù lórí ìwé ìjọba, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 16 oṣù Kejì ọdún 2019, ìwé ìgbéyàwó Dẹ́ńmáàkì kò nílò apostille kí Jámánì tó gbà á. Orílẹ̀-èdè yín méjèèjì, tí wọn kò sí nínú Ẹgbẹ́ Ìṣọ̀kan Yúróòpù bí mo ṣe lóye ọ̀rọ̀ yín, lè béèrè rẹ̀, ilé-iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Dẹ́ńmáàkì ló sì ń fi í sí i. Ẹ tún bi wọ́n ní kọ́ńsúlétì méjèèjì bóyá ọjọ́ kan pàtó wà tí ẹ gbọ́dọ̀ ti fi ìgbéyàwó náà tó wọn létí. Ẹ gba ojúlówó ìwé-ẹ̀rí tó ju ẹyọ kan lọ lọ́wọ́ ìlú tó bá so yín pọ̀, nítorí ọ́fíìsì mìíràn wà tí kì í dá èyí tó bá gbà padà.